Ọ̀pá Òsì Ìbọn Tokuji

Ọjọ́ kejì tí wọ́n sin Tetsu ajá rẹ̀ ni Tokuji gbé ìbọn rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù Kanematsu. Òtútù mú láàárọ̀ ọjọ́ náà débi pé odò ń rú èéfín bí ìkòkò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná, ìrì dídì sì ti sọ gbogbo òrùlé àfonífojì di funfun. Kanematsu gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí afárá, ó mọ̀ pé ọkọ ẹ̀gbọ́n òun ni, ó sì ti gbé omi tíì kaná kí onítọ̀hún tó ti ilẹ̀kùn.

Kanematsu nìkan ni alágbẹ̀dẹ ìbọn tó kù ní apá òkè Kii níbi tí wọ́n ń gbé. Ó tún máa ń pọ́n ayùn fún àwọn agégi, ó sì ń jó ìdí ìkòkò tó bá lu, nítorí ìbọn nìkan kò lè bọ́ ènìyàn lásìkò tí àwọn ọ̀dọ́ ń kó lọ sí ìlú ńlá Osaka lọ́dọọdún. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, kò sì bímọ. Orie, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ló kù fún un, àti Tokuji tó fẹ́ Orie nígbà tí Kanematsu ṣì ń ṣeré erùpẹ̀. Tokuji ló kọ́ ọ ní ẹja pípa. Òun ló gbé e kọ́ ẹ̀yìn la odò kọjá lọ́dún tí omíyalé gbé afárá lọ. Nítorí náà, nígbà tí Kanematsu bá pè é ní Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ti ẹnu lásán.

Tokuji tú aṣọ tó fi di ìbọn náà, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì iṣẹ́. Ìbọn ẹlẹ́nu méjì ni, ọ̀pá rẹ̀ méjèèjì dùbúlẹ̀ ti ara wọn bí ìbejì lórí ẹní kan. Bàbá Tokuji ló rà á nígbà tó ń tu igi gẹdú lórí odò lọ sí etíkun. Irin ìfà méjì ló ní: ti iwájú fún ọ̀pá ọ̀tún, ti ẹ̀yìn fún ọ̀pá òsì. Ọdẹ á fi ìka fa ti iwájú, á sì yọ ìka kan náà sẹ́yìn kíá láti fa èkejì.

"Ìbọn yìí ló pa Tetsu," ni Tokuji wí. Kò tíì jókòó.

Ó wá ròyìn bó ṣe ṣẹlẹ̀. Genpachi, olórí ẹgbẹ́ ọdẹ, ló fi í sí ẹnu gọ́tà òkè, ọ̀nà tóóró láàárín òkè méjì níbi tí ìmàdò máa ń já sí, nítorí kò sí ẹni tí ojú rẹ̀ mú tó tirẹ̀ láàárín wọn. Àwọn ajá lé ẹran náà jáde, Tetsu tirẹ̀ ló ṣíwájú. Ó yin ọ̀pá ọ̀tún, ó sì ba ìmàdò náà léjìká. Ẹran náà kúnlẹ̀, ó dìde, ó wá kọjú sí ajá. Tokuji ní òun fa ti ẹ̀yìn. Ó ní ìbọn náà dákẹ́ bí ẹni tí òun kò bá wí. Kí ó tó ṣí i, kí ó tó ki ọta mìíràn, eyín ìmàdò ti la ikùn Tetsu. Ajá náà kò kú lójú ẹsẹ̀. Wọ́n gbé e délé, Orie sì gbé orí rẹ̀ lé itan títí ó fi dákẹ́.

Kanematsu kò sọ pé pẹ̀lẹ́. Ó mọ irú ènìyàn tí ọkọ ẹ̀gbọ́n òun jẹ́: bí o bá kí i kú ọ̀fọ̀, á dìde kúrò níbẹ̀. Ó kàn béèrè ọta tí kò dún náà. Tokuji na ọwọ́ òsì kọjá ikùn sínú àpò ọ̀tún, ó fà á jáde, ó fi í lé e lọ́wọ́.

Bí abẹ́rẹ́ inú ìbọn bá gún ìdí ọta, ó gbọ́dọ̀ fi àpá sílẹ̀ níbẹ̀, ì báà jẹ́ pé ọta náà kò dún. Kanematsu gbé e sún mọ́ fèrèsé. Ìdí ọta náà ń dán, ó jọ̀lọ̀ bí iwájú orí ọmọ tuntun. Ó túmọ̀ sí pé kì í ṣe ètù ló tutù, kì í sì í ṣe abẹ́rẹ́ ló kújú. Òòlù kékeré inú ìbọn náà, èyí tó yẹ kó lu abẹ́rẹ́, kò lù ú rárá.

"Nǹkan kan ló di òòlù ẹ̀ mú," ni Kanematsu wí.

"Ṣé torí kí n lè gbọ́ èyí ni ìyá ẹ ṣe rán ẹ lọ kọ́ṣẹ́ ìbọn ní Sakai?" ni Tokuji dáhùn. "Ajá gan-an ì bá sọ bẹ́ẹ̀ fún mi."

"Ẹ jókòó, Ẹ̀gbọ́n, ẹ mu tíì. Èébú yín ò lè tú ìbọn."

Tokuji rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó jókòó, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di ife mú bí ọmọdé.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Kanematsu tú ìbọn náà palẹ̀. Ó yọ igi ìdí rẹ̀, ó yọ irin tó bo ẹ̀gbẹ́ òsì, ó sì rí ohun tó ń wá. Òróró àtijọ́ ti dì mọ́ ìkọ́ tó ń di òòlù mú, ó ti ki, ó ń fà bí oje igi. Inú rẹ̀ dùn bí ti ẹni tó rí ẹ̀gún nínú àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ tó ń ké. Ó fi kẹrosíìnì fọ ohun gbogbo, ó nù ún gbẹ, ó fi òróró fẹ́ẹ́rẹ́ kàn án. Lẹ́yìn tó tò ó pọ̀, ó ju igi ìjẹun tínrín kan sínú ọ̀pá òsì láti ẹnu, ó kọjú ẹnu ìbọn sókè, ó fa irin ìfà ẹ̀yìn. Abẹ́rẹ́ ta igi náà, igi fò jáde, ó lu àjà. Ó ṣe é títí ó fi sú u. Kò kùnà lẹ́ẹ̀kan.

Ó gbé ìbọn náà fún Tokuji, ó sì sọ fún un pé ìdọ̀tí ni. Tokuji ní òun kò mọ̀ pé ìbọn náà ń gbé ẹrẹ̀ bí ọmọ aláìníyàá. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Kanematsu rò pé ọ̀ràn ti parí.

Kò parí. Nígbà tí ẹgbẹ́ ọdẹ tún gòkè, ìmàdò mìíràn já sí ọ̀dọ̀ Tokuji. Ọ̀pá ọ̀tún dún, ti òsì kò dún, ẹran sì gba ojú wọn lọ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lára. Wọ́n wá a káàkiri igbó igi sídà títí ilẹ̀ fi ń ṣú, wọn kò rí i. Kò sí ohun tó ń dun ọdẹ tó ẹran tó lọ kú síbi tí ẹnikẹ́ni kò ní jẹ ẹ́. Genpachi kò sọ púpọ̀, ṣùgbọ́n àwọn yòókù fi Tokuji ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ìbọn rẹ̀ ti di bàbá àgbàlagbà, ó ń tọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò lè tọ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Tokuji kò fi àwàdà wọ ṣọ́ọ̀bù lọ́tẹ̀ yìí. Ó sọ ìbọn náà sórí tábìlì. Ó ní bí Kanematsu kò bá lè ṣe iṣẹ́ náà mọ́, kí ó sọ, nítorí àgbà tó bá mọ̀wọ̀n ara rẹ̀ kì í tẹ́. Ó ní òun gbé ẹ̀mí òun lé e lọ́wọ́, òróró lásán ni Kanematsu sì fi pa ìbọn náà lórí. Ọ̀rọ̀ náà gún Kanematsu. Ó tẹrí ba, ó ní kí wọ́n má bínú, òun á wò ó dé gbòǹgbò.

Ó sì wò ó dé gbòǹgbò lóòótọ́. Ó gba ọta tí kò dún náà, ìdí rẹ̀ tún mọ́ láìní àpá. Ó rò ó pé bóyá sípíríǹgì ti rẹ̀, ó wọ̀n agbára rẹ̀ mọ́ ti ọ̀tún, wọ́n dọ́gba. Ó wo etí ìkọ́ bóyá ó ti jẹ; ó mú ṣáṣá. Ó rò ó pé bóyá igi ìdí ìbọn ti fa omi, ó wú, ó sì ń há irin ìfà; ó wọ̀n ọ́n, àyè wà. Ó rò ó pé òtútù òkè ló ń fà á, ó gbé ìbọn náà síta nínú ìrì dídì títí ọwọ́ fi ń lẹ̀ mọ́ irin rẹ̀. Síbẹ̀, igi ìjẹun fò jáde. Ohun tó kù ni pé bóyá ìgbọ̀nrìrì ọ̀pá ọ̀tún ló ń ta irin ìdáàbòbò padà, tó ń ti ìbọn pa. Ó bá gbé e lọ sí ìsàlẹ̀ odò, ó ki ọta gidi, ó yìn ín mọ́ bèbè. Ọ̀tún dún. Òsì dún. Ó tún un ṣe títí èjìká fi ń ro ó. Ìbọn náà kò jalè rí, kò sì purọ́.

Nígbà náà ni ẹ̀rù kan bẹ̀rẹ̀ sí í ba Kanematsu, irú ẹ̀rù tí ènìyàn kò fẹ́ fún lórúkọ.

Ó fúnra rẹ̀ gbé ìbọn náà gòkè lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wọ́n ń jẹun ọ̀sán lọ́wọ́: ẹ̀kọ ìrẹsì tí wọ́n fi tíì sè, àti ìrẹsì róbótó tí wọ́n fi ewé oníyọ̀ wé. Orie bu tirẹ̀ fún un. Kanematsu jókòó, ó sì rí i pé ṣíbí ni Tokuji fi ń jẹun, ọkùnrin tó máa ń fi igi ìjẹun mú ẹyọ ìrẹsì kan ṣoṣo kúrò nílẹ̀ kí ó má bàa ṣòfò. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, Tokuji dìde, ó ní kí àwọn lọ dán ìbọn wò lẹ́yìn ilé, Orie sì dìde pẹ̀lú rẹ̀, ó dúró níwájú rẹ̀, ó de bọ́tìnnì kóòtù fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀. Tokuji wo orí ìyàwó rẹ̀ kọjá bí ẹni pé kò sí ẹni tó ń ṣe nǹkan kan fún òun. Ó hàn pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Kùkùté igi sídà kan wà lẹ́yìn ilé náà. Tokuji ki ọta méjì, ó gbé ìbọn sójú. Kanematsu dúró sápá ọ̀tún rẹ̀. Kò wo kùkùté. Ìka ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń wò.

Ìka náà fa irin ìfà iwájú, pẹ̀lú wàhálà. Ìbọn dún, igi fọ́. Ìka náà yọ sẹ́yìn, ó kan irin kejì, ó sì dúró. Ó ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ bí ewé tí afẹ́fẹ́ kò tíì pinnu lórí rẹ̀. Kò tẹ̀. Irin ìfà náà kò yẹ̀ kúrò níbi tó wà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Tokuji le, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ bí ti ẹni tó ń fa gẹdú, gbogbo ara rẹ̀ ń fa ìbọn náà àfi ìka yẹn nìkan.

"O rí i?" ni Tokuji wí, ó sọ ìbọn sílẹ̀ lójú. "Mo fà á. Ìwọ fúnra ẹ rí i bó ṣe dákẹ́."

Àtàǹpàkò ọwọ́ náà ti tínrín. Ibi tó yẹ kí ẹran wà láàárín àtàǹpàkò àti ìka ti jìn bí ojú abọ́. Kanematsu kò mọ ìgbà tó ti di bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ń bá ọwọ́ náà mu tíì látọdún yìí wá.

"Mo rí i, Ẹ̀gbọ́n," ló wí. "Ìbọn náà ni. Sípíríǹgì ẹ̀ ló ń tan èèyàn. Mo máa ránṣẹ́ sí Sakai fún tuntun."

Ojú Tokuji tú ká. Ó ní òun ti ń sọ ọ́. Ó wọlé lọ, ó ń súfèé.

Orie bá àbúrò rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, níbi omi tí wọ́n ti ń fọ ewébẹ̀. Ó bu omi sórí ewébẹ̀ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀, ó ń fọ̀ ọ́. Ó ní òun àti Sayo, ọmọbìnrin wọn tó wà ní Osaka, ti mú un lọ rí dókítà kan ní ìlú etíkun ní ìgbà ìkórè. Dókítà náà pe àwọn obìnrin méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní àwọn iṣan tó ń gbé ọ̀rọ̀ láti orí lọ sí ọwọ́ ló ń kú, pé ọwọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀, kò sì ní dúró síbẹ̀. Á dé ẹsẹ̀, á dé ọ̀fun. Kò sí oògùn.

"Ṣé àwọn fúnra wọn mọ̀?" ni Kanematsu bi í.

"Làkúrègbé la sọ fún un. Dókítà ló ní ká má bà á lọ́kàn jẹ́." Ó fún ewébẹ̀ náà bí aṣọ. "Kane, mo bẹ̀ ẹ́. Má tíì tún ìbọn yẹn ṣe."

"Kò sóhun tó ṣe ìbọn, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Mo mọ̀. Ìyẹn gan-an ni mo ṣe ń bẹ̀ ẹ́."

Báyìí ni Kanematsu ṣe gbé ìbọn tó dá ṣáká sọ̀kalẹ̀ òkè, tó sì fi í sórí tábìlì rẹ̀ bí aláìsàn. Gbogbo ìgbà ọdẹ ọdún náà ló fi wà níbẹ̀. Bí Genpachi bá béèrè, Kanematsu á ní sípíríǹgì kò tíì dé. Bí ó bá tún béèrè, á ní èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ kò bá a mu. Nígbà tó yá, Genpachi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun kò fẹ́ rí i fín, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ń sọ̀rọ̀.

"Ojú ẹ ló ń ṣú ni, Kanematsu, àbí ọwọ́ ẹ ló ń gbọ̀n? Sọ fún wa. Gbogbo wa la ń darúgbó."

"Ó lè jẹ́ méjèèjì," ni Kanematsu dáhùn, ó sì ń bá ohun tó ń ṣe lọ.

Láti ọjọ́ náà, àwọn ọdẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìbọn wọn lọ sí ìlú tó wà lẹ́yìn òkè. Ayùn nìkan ló kù tí wọ́n ń mú wá. Ẹni tó fi orúkọ rere jẹun látìgbà tí irun rẹ̀ ti dúdú, tó wá rí i tí orúkọ náà ń yọ́ bí ìrì lójú oòrùn, tí kò sì lè la ẹnu sọ pé ẹ dákun, irọ́ ni: ẹni tó bá ti rù ú rí ló mọ bó ṣe wúwo tó.

Ṣùgbọ́n Tokuji ń wá lójoojúmọ́. Níwọ̀n bí kò ti lè lọ sígbó láìní ìbọn, á sọ̀kalẹ̀ wá jókòó ti iná, á gbé ìrẹsì tí Orie wé sórí eékún, á máa wo Kanematsu bí ó ṣe ń tú ìbọn náà, tó ń nù ún, tó ń tò ó pọ̀. Bóyá ni ìbọn kan wà láyé tí wọ́n fọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Tokuji a máa dá a lábàá oríṣiríṣi. Ó ní bóyá irin òsì ni bàbá òun fi lu àpáta nígbà tí igi gẹdú dojú dé. Ó ní bóyá òrìṣà òkè, tó jẹ́ obìnrin, tí kò sì fẹ́ràn arẹwà, ń jowú ìbọn náà. Ó ń sọ̀tàn bàbá rẹ̀ lórí odò, ó ń sọ ti Tetsu nígbà tó wà lọ́mọ ajá, tó ń sùn nínú bàtà rẹ̀. Kanematsu kò gbọ́ ọ̀rọ̀ tó tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí láti kékeré. Nígbà mìíràn inú rẹ̀ á dùn, á gbàgbé ohun tí àwọn ń ṣe níbẹ̀, títí ìrẹsì yóò fi já bọ́ lọ́wọ́ Tokuji, tí àwọn méjèèjì á ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Nígbà tí igi plọ́ọ̀mù ń tanná ní bèbè odò, Tokuji ti ń fi ọ̀pá rìn. Ọjọ́ kan, ó jókòó, kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Ó ní kí Kanematsu gbé ìbọn náà wá sórí itan òun. Ó ní kí ó ju igi ìjẹun sínú ọ̀pá òsì. Kanematsu fẹ́ wá àwáwí. Tokuji tẹjú mọ́ ọn títí ó fi ṣe é.

Ọwọ́ òsì Tokuji ṣì ní agbára díẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò ọwọ́ náà ti irin ìfà ẹ̀yìn. Igi ìjẹun fò jáde, ó lu àjà, ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Ó ní kí Kanematsu tún un kì. Ó tún fò.

Ohùn Tokuji ti ń wúwo lẹ́nu lásìkò náà.

"Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Láti ọjọ́ tí ẹ yìn ín mọ́ kùkùté."

"O purọ́ fún mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Irọ́ náà dáa. Mo sùn lórí ẹ̀ dáadáa." Ó fi ọwọ́ òsì pa ọ̀pá ìbọn náà bí ẹni tó ń pa ajá lórí. "Lọ́jọ́ Tetsu, mo rí i pé ìka mi ò lọ. Mo rí i. Ṣùgbọ́n mo ní kì í ṣe èmi. Mo fẹ́ kó jẹ́ ìbọn ni."

Kanematsu ní kò sí ẹni tó pa Tetsu, pé àìsàn ni. Tokuji mi orí. Ó ní òun kò wá gba ìtùnú. Ó ní bó bá jẹ́ pé òun ti sọ fún Genpachi pé ọwọ́ òun kò dáa, wọn ì bá má fi òun sí ẹnu gọ́tà, ajá ì bá sì wà láàyè. Ọ̀rọ̀ náà kò le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá Orie mọ̀. Kanematsu ní ó mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ.

Tokuji pa ojú dé. Omi jáde lójú rẹ̀, kò sì lè gbé ọwọ́ dé ojú láti nù ún. Kanematsu mú àkísà tó mọ́ jù nínú ṣọ́ọ̀bù náà, ó nù ún fún un.

"Má jẹ̀ẹ́ kó mọ̀ pé mo ti mọ̀," ni Tokuji wí. "Bó bá bi ẹ́, sọ fún un pé mo ṣì ń bú ìbọn."

Ó sì ń bú u lóòótọ́. Láti ọjọ́ náà, nígbàkigbà tí Kanematsu bá wà nílé wọn, á gbọ́ Tokuji lórí ẹní tí ó ń ráhùn sí Orie létí pé ìbọn burúkú yẹn ló fi òun sílé, pé bí wọ́n bá ti lè tún un ṣe, òun á gòkè. Orie á ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá Sayo, ọ̀lẹ ni Kane. Á máa fi ṣíbí fún un ní ẹ̀kọ. Kanematsu á jókòó síbẹ̀, á gba èébú àwọn méjèèjì sára. Ọ̀rọ̀ Tokuji ń kúrú sí i títí ó fi di pé "ìbọn" nìkan ni ènìyàn ń gbọ́ yéké lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó ṣe, ìyẹn náà lọ.

Àsìkò òjò ọdún tó tẹ̀ lé e ló kú. Àwọn ọdẹ ló gbé e. Ilẹ̀ yọ̀, Genpachi sì ṣubú lórí eékún lẹ́ẹ̀kan, ó dìde, kò jẹ́ kí wọ́n gba igi pósí lọ́wọ́ òun.

Òfin ní ìbọn kò gbọdọ̀ wà lọ́wọ́ opó. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi orúkọ ọdẹ mìíràn gbà á, tàbí kí wọ́n gé e. Genpachi wá, ó ní òun á gbà á nítorí ọ̀rẹ́ òun. Ó wo Kanematsu lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú, ó ní òun mọ ẹnì kan lẹ́yìn òkè tó lè rí sí ọ̀pá òsì. Orie bi Kanematsu, lójú Genpachi, bóyá ìbọn náà dára. Kanematsu ní ó dára.

"Dára báwo?" ni Genpachi wí.

Àwọn ọkùnrin méjèèjì lọ sí bèbè odò. Genpachi ki ọta méjì, ó yìn. Ọ̀tún dún. Òsì dún tẹ̀ lé e láìfi àyè sílẹ̀. Ó ki méjì mìíràn, wọ́n dún. Ó ṣí ìbọn náà, ó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń rú èéfín.

"Ìgbà wo lo tún un ṣe?"

"Mi ò tún un ṣe."

Genpachi kì í ṣe ọ̀mùgọ̀. Ó dúró síbẹ̀, ó ń ro ó padà láti ìparí lọ sí ìbẹ̀rẹ̀: ọ̀pá tí Tokuji fi ń rìn, ẹsẹ̀ tó ń wọ́, ọ̀rọ̀ tó ń lọ́. Ó wá jókòó lórí òkúta. Ó ní àwọn fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní òun fúnra òun ló fi í sí ẹnu gọ́tà yẹn. Ó fẹ́ sọ nǹkan sí Kanematsu, nípa àwọn ìbọn tó lọ sí ẹ̀yìn òkè, ẹnu rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Kanematsu ní ó ti tó, kí wọ́n máa lọ, òjò ń ṣú.

Genpachi kò gba ìbọn náà mọ́. Ó ní òun kò ní ojú tí òun á fi gbé e sójú. Ó ku gígé. Níwájú ọlọ́pàá àdúgbò, Kanematsu de ìbọn náà mọ́ fáìsì, irin ìdìmú orí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, ó mú ayùn irin. Irin àtijọ́ le. Kò rò pé yóò le tó bẹ́ẹ̀. Ọlọ́pàá náà ní bí ó bá wù wọ́n kí wọ́n sinmi, Kanematsu kò sinmi. Nígbà tí ọ̀pá méjèèjì já, ó fi ọwọ́ kan ibi tó gé, ó ṣì gbóná.

Ṣáájú ìgbà òtútù, Sayo wá mú ìyá rẹ̀ lọ sí Osaka. Kanematsu bá wọn gbé ẹrù dé ibi tí bọ́ọ̀sì ń dúró. Nígbà tí Sayo lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì, Orie fa àbúrò rẹ̀ mọ́ra, ó tún kọ́là aṣọ rẹ̀ ṣe bó ti máa ń ṣe nígbà tí Kanematsu wà lọ́mọdé.

"Ó máa ń bú ìbọn yẹn nítorí mi," ló wí. "Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ pé ó ti mọ̀?"

Kanematsu ní kí ló dé tí kò sọ fún Tokuji nígbà náà, kí àwọn méjèèjì lè sunkún pọ̀.

"Bí mo bá sọ fún un, kí ni ì bá máa bú?" ni Orie wí. "Kò sí ohun mìíràn tó ṣẹ́kù tó lè ṣe fún mi."

Bọ́ọ̀sì dé. Orie wọlé, ó jókòó sápá tó kọjú sí odò, kò sì bojú wẹ̀yìn nítorí ó mọ̀ pé Sayo ń wo òun. Kanematsu dúró títí ọkọ̀ náà fi yí igun igbó sídà, tí ìró rẹ̀ sì parẹ́. Ọ̀nà tó yá jù láti ibẹ̀ délé rẹ̀ gba iwájú ilé Tokuji kọjá. Kò gba ibẹ̀. Ó sọ̀kalẹ̀ sétí omi, ó gba orí àwọn òkúta lọ sílé, ọ̀nà tó jìn, pẹ̀lú bàtà rẹ̀ lọ́wọ́.